Kí ẹ tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì, ẹ mọ ohun tó ń pa ọjà yín

Ìyá kan ládùúgbò wa ń dín ìpékeré tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú ló ń lò, ó ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà, iyọ̀ rẹ̀ wà níwọ̀n, tí ẹ bá sì ju ẹyọ kan sẹ́nu, ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ kí ọjà òun kúrò lórí àtẹ, kó bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó gba ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé lọ, wọ́n ṣe lébẹ́ẹ̀lì aláràbarà fún un, àwọ̀ wúrà ń dán lára rẹ̀, fọ́tò òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ tòun ti gèlè. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ó sì fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù fi dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìpékeré ti rọ̀, kò dún mọ́, òórùn òróró àná sì ń bọ̀ lára rẹ̀. Ìyá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ta òróró fún un, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà. Òróró kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀rá ló ṣe é.

Nígbà tí a jọ ṣírò ìnáwó rẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó, ọ̀rá ló gba èyí tó kéré jù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ro ọ̀rọ̀ pákéèjì, bí ìgbà tí èèyàn ń múra òde. Lóòótọ́, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n èmi a máa wo pákéèjì bí ilé tí ọjà ń gbé láti ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é títí di ọjọ́ tí ẹni tó rà á máa jẹ ẹ́ tán. Ta ló ń kun ilé tí kò tíì lórùlé lọ́dà?

Kí ló ń pa ọjà yín?

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyí, kí a tó dárúkọ àwọ̀ tàbí fọ́tò. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń pa á. Ọ̀rinrin ni fún òmíràn, afẹ́fẹ́ ni fún òmíràn, fún òmíràn oòrùn ni, tàbí kòkòrò, tàbí ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí nínú ọkọ̀. Pákéèjì tó bá mọ ọ̀tá ọjà náà, tó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀tá ń gbà wọlé, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìpékeré. Dídín ti lé omi kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, òùngbẹ wá ń gbẹ ẹ́, ọ̀rinrin yòówù tó bá wà nítòsí ló máa fà mu. Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sì tún ń bá òróró tó wà lára rẹ̀ jà, ìjà náà ló ń bí òórùn burúkú yẹn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá dá sí i, ńṣe ni ìjà ń le sí i. Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ọjà. Ó dára láti dá omi dúró, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi í di omi tà, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ń gba ara rẹ̀ kọjá bí èrò ṣe ń gba àárín ọjà kọjá, ojú wa ni kò rí i. Ó tún mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ á wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ní ti ẹnu tí wọ́n fi àbẹ́là lẹ̀, ó lè gba iná jù níbì kan kó má gba iná tó níbòmíràn, ihò tín-tìn-tín á ṣẹ́kù, ọ̀rinrin á máa gba ibẹ̀ wọlé. Nínú gbogbo ọ̀tá wọ̀nyẹn, kò sí èyí tí kò rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Ẹ ya àpò ìpékeré tàbí ànàmọ́ dídín tí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó máa ń dán bíi fàdákà. Álúmíníọ̀mù tí ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ni wọ́n fi bo ọ̀rá náà, òun ló ń dí ọ́síjìn, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀ lọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó mú àpò náà wú, èyí tí a máa ń bínú sí pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n tà fún wa, náítírójìn ni. Wọ́n fi lé ọ́síjìn jáde ni, ó sì tún dà bíi tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí ọjà rún wẹ́wẹ́ nínú páálí. (Èmi náà gbà pé àwọn kan ń fi wíwú àpò rẹ́ wa jẹ. Iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó.)

Ẹ wá wo obì. Gbígbẹ tó ń mú ìpékeré dùn ló ń ba obì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá olóbì fi ń fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, tí wọ́n á to obì sí i, tí wọ́n á tún fi ewé bò ó lórí, tí ewé bá sì gbẹ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ewé ń dá omi ara obì dúró, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kó mí díẹ̀, kó má baà làágùn kó bu. Tí ẹ bá mú ọ̀rá onífàdákà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn, tí ẹ di obì tútù sínú rẹ̀ pa, èébu lẹ máa bá níbẹ̀. Àlùbọ́sà náà kò fẹ́ ibi tó há, àpò oníhò bí àwọ̀n ni wọ́n ń kó o sí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé irú pákéèjì báyìí ló dára jù, ẹ bi í léèrè pé: fún kí ni?

Ti tòmátì tó ń ti òkè Ọya bọ̀ wá sí Mile 12 l'Ékòó yàtọ̀. Ìwúwo ló ń pa á. Apẹ̀rẹ̀ rọ̀, bí wọ́n bá to ọ̀kan lé èkejì, ti ìsàlẹ̀ á fọ́ kó tó débi tó ń lọ. Nínú apẹ̀rẹ̀, tòmátì ló ń ru tòmátì. Nínú kéréètì oníke, kéréètì ló ń ru kéréètì.

Gàrí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Codex, ìlànà oúnjẹ tó wà fún gbogbo àgbáyé, sọ pé omi inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju 12 nínú 100 lọ. Gàrí tí wọ́n yan dáadáa lè wà nísàlẹ̀ ìyẹn lọ́jọ́ tó kúrò nínú agbada. Àmọ́ bí wọ́n bá dà á sínú àpò híhun tí gbogbo wa ń pè ní Bagco, tí kò sí ọ̀rá kankan nínú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ ìgbà òjò, á máa fa ọ̀rinrin díẹ̀díẹ̀ títí á fi di kókó. Àpò náà lágbára, èèyàn lè wọ́ ọ nílẹ̀ kó má ya, ṣùgbọ́n àárín òwú rẹ̀ kò pàdé. Ohun tó lè ru ẹrù lè má mọ ilẹ̀kùn tì. Ọ̀rá tó nípọn nínú, àpò híhun níta, àwọn méjèèjì ló máa ń jọ ṣe é.

Ní ti epo pupa, ohun tó mú un pupa ni carotene, irú èyí tó wà lára kárọ́ọ̀tì, tí ara wa ń yí padà sí fítámì A. Oòrùn ń ba á jẹ́. Ẹ wo àwọn ìgò epo tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: bó bá pẹ́ níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣá, adùn rẹ̀ á sì yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra epo fẹ́ rí i, ó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn bóyá wọ́n ti lú u. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó dára fún ọjà àti ohun tó ń fi ọkàn oníbàárà balẹ̀ ṣe máa ń ta ko ara wọn. Àwọn kan ń lo ìgò dúdú, wọ́n á wá fi ìlà tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè rí epo inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ìgò tó mọ́ gaara, wọ́n á kì í bọ inú páálí. Èmi fara mọ́ páálí, torí ó rọrùn láti rí lọ́jà wa.

Nínú gbogbo pákéèjì tí mo mọ̀, èyí tó wú mi lórí jù kò lẹ́wà rárá. Àpò ẹ̀wà alápò mẹ́ta ni, tí wọ́n ń pè ní PICS. Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1987. Ọ̀rá nínípọn méjì ló wà nínú, àpò híhun kan wà níta. Ẹ mọ̀ pé inú oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wálé, ẹyin rẹ̀ ti wà lára ẹ̀wà kí ẹ tó dì í. Bí ẹ bá so ẹnu àwọn ọ̀rá méjèèjì le lọ́kọ̀ọ̀kan, kòkòrò yóò mí títí ọ́síjìn inú ibẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà náà kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè bí sí i, yóò kú. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ mí tán ló pa á. Ẹ fi ìyẹn wé Sniper tí àwọn kan ń da sínú ẹ̀wà, títí tí NAFDAC fi ní lọ́dún 2019 pé kí wọ́n má ta ìgò rẹ̀ kékeré oní 100 mílílítà ní gbangba ọjà mọ́. Ohun tí májèlé ń ṣe, ọ̀rá tí wọ́n so dáadáa lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n pákéèjì kò lè jí òkú dìde. Àwọn tó ń ta sóbò máa ń bi mí irú ìgò tí kò ní jẹ́ kó kan. Kò sí irú ìgò bẹ́ẹ̀. Sóbò tí kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e, inú ìgò náà ni yóò ti máa hó, ìgò á wú, ìdérí á fò. Ẹlòmíràn á ní kí òun rọ ọ́ sínú ìgò oníke nígbà tó ṣì ń hó, kí ooru pa kòkòrò. Ike PET, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà 1 sí nídìí, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 70 lórí ìwọ̀n Celsius, ìgò náà á sì ká jọ bí ẹni tí inú ń run. Ìgò onígíláàsì lè gba ooru yẹn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, PET lásán kò lè gbà á.

Ọwọ́ tó máa ṣí i, ojú tó máa rí i

Lọ́dún 1810 ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fífi agolo tọ́jú oúnjẹ. Agolo náà ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹran inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ṣíṣí. Ó lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí i, nítorí náà, irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù ni wọ́n ń fi dá a lu, àwọn sójà tilẹ̀ ń fi ọ̀bẹ ìbọn wọn já a. Ẹ̀rín ń pa wá, àmọ́ mélòó nínú wa ló ti fi eyín já ọ̀rá èlùbọ́ tí gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀? Mélòó ló ti fi rọ́bà so ẹnu àpò gàrí tí kò ṣeé dé padà? Ẹ gbé ọjà yín fún àgbàlagbà tí oríkèé ọwọ́ ń dùn, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ á kọ́ yín ju ohun tí èmi lè kọ lọ. Omi inú ọ̀rá ni mo lè yìn lórí ọ̀rọ̀ yìí: etí kan, eyín kan, ó parí. Ibi tí etí náà ti kọjá kó tó dé ẹnu wa ni n kò fẹ́ máa rò.

Ní ti ojú, ẹni tó ń kọjá nínú ṣọ́ọ̀bù kì í dúró kàwé. Ó ń wá àwọ̀ àti ìrísí tó ti mọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Coca-Cola ń wá ìgò tuntun lọ́dún 1915, ohun tí wọ́n béèrè ni ìgò tí èèyàn á fọwọ́ kàn nínú òkùnkùn kó mọ̀ ọ́n, tí bó bá tilẹ̀ fọ́ sílẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ á ṣì sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ní Tropicana, omi ọsàn Amẹ́ríkà, kọ́ òdìkejì rẹ̀ lọ́dún 2009. Wọ́n yọ àwòrán ọsàn tí wọ́n ki sítúrọ̀ bọ̀ kúrò lára páálí wọn, wọ́n fi ife omi ọsàn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì yí lẹ́tà orúkọ padà. Omi ọsàn náà kò yí padà rárá. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, títà rẹ̀ fi nǹkan bí 20 nínú 100 lọ sílẹ̀, wọ́n sì yára dá páálí àtijọ́ padà. Àwọn oníbàárà kan kọ̀wé bínú sí ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn kò kàn dá a mọ̀ mọ́ lórí pẹpẹ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó sún lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó sì wò ó. Ṣé ó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ibẹ̀? Orúkọ ọjà ńkọ́? Bí gbólóhùn "tí Ọlọ́run fi bùkún wa láti ọdún pípẹ́" bá tóbi ju "Ìpékeré" lọ, ó ti sọnù.

Ohun tí a kọ sára rẹ̀

Níbí, òfin ti sọ̀rọ̀, n kò ní fa á gùn. Lójú NAFDAC, oúnjẹ tí a dì tà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní orúkọ oúnjẹ náà gan-an lára, àwọn èròjà rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é (batch number), ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa kú, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC. Gẹ̀ẹ́sì ló pọn dandan, àmọ́ kò sí ohun tó ní kí ẹ má fi Yorùbá kún un. Kóńgò tí a fi ń wọn nǹkan lọ́jà kò wúlò lára lébẹ́ẹ̀lì o, gíráàmù tàbí mílílítà ni. Bí ẹ bá rí bákòòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615, Nàìjíríà ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ pé ọjà náà dára, kò sì rọ́pò NAFDAC, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ tà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ẹ fetí sí èyí. Lọ́dún 2016, ọmọbìnrin ẹni ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, jẹ búrẹ́dì tí yánmọtí (sesame) wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gba yánmọtí, wọn kò sì kọ ọ́ sára ohun tí wọ́n fi dì í. Ó kú. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2021: oúnjẹ tí ẹ bá dì sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń tà á gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà rẹ̀ lára, kí ẹ sì mú kí èyíkéyìí nínú ohun 14 tí ara àwọn kan kì í gbà hàn ketekete. Ẹ̀pà wà nínú wọn, yánmọtí, ẹyin, ẹja, edé. Ẹ wo mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje bó ṣe jẹ́. Ẹ wo ata sùúyà, kúlíkúlí ló kún inú rẹ̀, tí ẹ bá sì kọ "ata" nìkan síbẹ̀, ẹ ti fi ẹ̀mí ẹnì kan wewu.

Títóbi àti kíkéré náà wà lára pákéèjì. Ọ̀rá kékeré ni owó ojúmọ́ lè ká, òun ló gbé mílíìkì àti ọṣẹ ìfọṣọ dé ilé tí agolo ńlá kò lè wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń rà á lójoojúmọ́ ń san jù. Agbára yẹn náà ló mú kí NAFDAC gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní February 2024, nítorí ohun tó kéré tó sì pọ́ọ́kú báyẹn lè wọ àpò ọmọ iléèwé láìsí ẹni tó rí i. Nígbà tí a bá sì mu ohun inú wọn tán, inú gọ́tà ni gbogbo ọ̀rá wọ̀nyẹn ń lọ. Ní January 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní òun kò fẹ́ rí páálí téékàwéè funfun fúyẹ́fúyẹ́ yẹn mọ́. Mo rò ó pé ewé mọ́ínmọ́ín ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó wà. Iná kì í yọ́ ọ, omi kì í jò níbẹ̀, ó ń fi òórùn dídùn kún oúnjẹ, bí ẹ bá sì jù ú sílẹ̀, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Fún oúnjẹ tí a máa jẹ lónìí, n kò tíì rí ohun tó jù ú lọ. Kò lè gbé ìpékeré dé oṣù kẹta, ọ̀rá onífàdákà tó lè gbé e sì nira púpọ̀ láti yọ́ lò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ohun méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni. Ẹ yan èyí tí ọjà yín nílò, kí ẹ má sì lo èyí tó le ju ìyẹn lọ.

Ìyá onípékeré yẹn kò padà lọ bá onítẹ̀wé kíákíá. Ó ra oríṣi ọ̀rá mẹ́ta: ti tẹ́lẹ̀, èyí tó mọ́ gaara tó nípọn, àti onífàdákà. Ó yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi iná lẹ̀ńtíríìkì lẹ ẹnu ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó di ọjà ọjọ́ kan náà sínú gbogbo wọn, ó kọ déètì sára wọn, ó to àwọn kan sínú páálí, ó sì gbé àwọn kan kọ́ sí ilé ìdáná níbi tí ooru ìkòkò ti ń jáde, torí ó ní bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń gbóná nìyẹn tí kò bá sí iná. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó ń ya ọ̀kan lára ìkọ̀ọ̀kan, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Ti tẹ́lẹ̀ dákẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èyí tó mọ́ gaara tó nípọn ṣì ń dún dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ òórùn rẹ̀ ti yí. Ti onífàdákà ni wọ́n jẹ tán nítorí pé wọn kò lè dúró.

Ó wá gé lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kù sí àwọ̀ méjì, wúrà kò sí níbẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ ló fi ra ọ̀rá. Fọ́tò yẹn ṣì wà níbẹ̀ ṣáá. Ó ní òun lè fi ohun gbogbo sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè yọ gèlè yẹn.